Ẹjọ́ tí wọ́n dá, tí ò sẹ́ni tó bá ọ tún un wò

Ẹni tí wọ́n bá rán lẹ́wọ̀n l'Abuja níbí, tó bá ní ẹni tó lè sáré fún un níta, ìdájọ́ yẹn ṣì lè yí padà. Ẹni tí ò lẹ́nìkan, ìdájọ́ àkọ́kọ́ náà ni ìkẹyìn, ì báà tọ́, ì báà má tọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Mo kàn fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́ ni, torí ọjọ́ ti pẹ́ tọ́rọ̀ yìí ti ń dùn mí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí kóòtù, a máa ń tẹ ìwé, a ń ṣe fọ́tòkópì, a ń di ìwé, ìwé bélì, ìwé ìbúra, gbogbo ẹ̀ là ń ṣe. Àwọn lọ́yà tí ò ní ọ́fíìsì ńlá máa ń gbéṣẹ́ wá, àwọn mọ̀lẹ́bí ẹlẹ́wọ̀n náà ń wá, ẹni tó ti Nyanya wá, ẹni tó ti Mararaba, ẹni tó ti Lugbe tàbí Kubwa, bí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé Yorùbá ni mí báyìí, ọ̀rọ̀ á kúrò ní ti fọ́tòkópì. Wọ́n á jókòó. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka nǹkan tí wọ́n kọ síbí yìí." Èmi kì í ṣe lọ́yà o, inú ìwé táwọn èèyàn ń gbé wá ni mo ti mọ ohun tí mo mọ̀, àti lẹ́nu àwọn lọ́yà tó ń dúró de iṣẹ́ wọn, torí mo máa ń béèrè, mo sì máa ń lọ ka òfin náà fúnra mi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni pé wọn kì í tún ẹjọ́ gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní pe ẹlẹ́rìí padà, wọn ò ní ní kọ́mọ ẹ dìde kó tún tẹnu ẹ̀ sọ. Ìwé ni wọ́n ń kà. Adájọ́ mẹ́ta á jókòó, wọ́n á ka gbogbo ohun tí adájọ́ ìsàlẹ̀ kọ sílẹ̀ látọjọ́ tẹ́jọ́ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́yà tọ̀tún tòsì á sọ tiwọn lórí ìwé yẹn, ohun tí ò bá sì sí nínú ẹ̀, kò yàtọ̀ sí ohun tí ò ṣẹlẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ adájọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀hún, ọwọ́ ló ṣì fi ń kọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ kóòtù wa títí dòní, bíírò àti pépà, ẹlẹ́rìí ń sọ̀rọ̀ òun náà ń kọ, ẹlẹ́rìí ń sáré, wọ́n á ní kó dúró ná, ògbufọ̀ ń tú Hausa sí òyìnbó, ọ̀rọ̀ gígùn á wá di ìlà méjì.

Ibì kan wà nínú ìwé yẹn tí mo máa ń wá tí mo bá ń dì í. Lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti ní o jẹ̀bi, kó tó sọ iye ọdún, wọ́n á bi ọ́ bóyá o ní nǹkan sọ. Ibẹ̀ lo ti máa bẹ̀bẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa sọ pé o ò ṣerú ẹ̀ rí, pé o lọ́mọ, pé bàbá ẹ ń ṣàìsàn, pé o ti lo ọdún kan àbọ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje kí ẹjọ́ yìí tó parí. Ohun tí mo sì máa ń rí níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà kan ni: olùjẹ́jọ́ bẹ kóòtù kó ṣàánú òun. Ó tán. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni iye ọdún.

Màmá kan wá bá mi, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ló ń tà ní Mararaba, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọmọ ẹ̀ ń bá àwọn oníwáyà ṣiṣẹ́ ní sáìtì, wọ́n ní ó jí wáyà kó, kóòtù rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì láìsí owó ìtanràn. Ó mú ìwé ẹjọ́ náà wá kí n ṣe é ní kópì fún lọ́yà kan tó ní òun á bá a wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ ohun tọ́mọ ẹ̀ sọ lọ́jọ́ yẹn fún mi, torí ojú ẹ̀ ló ṣe: pé ọmọ náà sunkún, ó ní wọ́n jẹ òun lówó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní sáìtì yẹn, ó ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní òun ò dé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá rí láyé òun, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun máa ṣiṣẹ́ san owó wáyà náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo wá ojú ìwé yẹn, mo rí i, mo kà á fún un ní Yorùbá. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé gbogbo ohun tó sọ náà nìyẹn?" Mo ní, "Màmá, ohun tí wọ́n kọ nìyí o." Ó ní kí n ṣí ojú ìwé kejì wò, bóyá èyí tó kù wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Ẹ wò ó, òfin wa ò burú tó bá a ṣe ń pariwo ẹ̀. Òfin tí wọ́n ń pè ní ACJA, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, òun ló ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn ní gbogbo kóòtù Abuja, abala 416 ẹ̀ sì to ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ rò kó tó sọ iye ọdún. Ó ní kó wo ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí. Ó ní kó wádìí irú ẹni tí olùjẹ́jọ́ ti ń jẹ́ bọ̀ látẹ̀yìn. Ẹni tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n má fún un ní iye tó ga jù lábẹ́ òfin. Àkókò téèyàn ti lò látìmọ́lé, kí wọ́n kà á mọ́ ọn. Tí iyèméjì bá wà bóyá ẹni náà ti pé ọmọ ọdún 18, kí wọ́n gbà pé kò tíì pé. Òfin yìí kan náà gbà kí adájọ́ ní kéèyàn lọ ṣiṣẹ́ sìnlú dípò ẹ̀wọ̀n fún ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké. Abuja tún gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 2016, kí ohun tí adájọ́ kan ń fúnni má baà jìnnà réré sí tẹnìkejì ẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà.

Ó dáa. Ta ló máa wá sọ gbogbo ìyẹn fún kóòtù nígbà tó jẹ́ ọmọ oníwáyà ló dúró síbẹ̀, tí ò ní lọ́yà, tí ẹni tó mú un ti sọ fún un kó yáa gbà pé òun jẹ̀bi kó lè tètè tán? Ta ló máa sọ pé ó ti lo oṣù mẹ́jọ ní àhámọ́? Tí ẹnì kan ò bá sọ ọ́, kò ní wọ ìwé. Tí kò bá wọ ìwé, àwọn tòkè ò ní rí i.

Abala 416 yẹn náà ló ran ẹni ńlá lọ́wọ́. Jolly Nyame tó ṣe gómìnà Taraba àti Joshua Dariye tó ṣe ti Plateau, Adájọ́ Adebukola Banjoko ní ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Gudu ló rán àwọn méjèèjì lẹ́wọ̀n ọdún 14 ní 2018, ìkan ní oṣù karùn-ún, ìkejì ní oṣù kẹfà. Inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn, a ní ẹ gbọ́, wọ́n ti rán gómìnà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dín in kù, Nyame di ọdún 12, Dariye di ọdún 10, ohun tí wọ́n sì sọ nínú ti Dariye ni pé ẹlẹ́ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ni, kò yẹ kí wọ́n fún un ní èyí tó ga jù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ọdún 12 àti ọdún 10 yẹn ní 2020 àti 2021. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin 2022, ìforíjì Ààrẹ Buhari dé, orúkọ wọn wà nínú àwọn 159, nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ wọ́n ti jáde ní Kuje.

Inú mi ò bàjẹ́ sí dídín tí wọ́n dín in kù o, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ohun tó ń ká mi lára ni pé láàárín ìgbà tí wọ́n dá wọn lẹ́jọ́ sí ìgbà tí kóòtù òkè dáhùn, oṣù mẹ́fà ò tíì pé. Oṣù mẹ́fà! Mo mọ àwọn èèyàn tí ìwé ẹjọ́ wọn ò tíì kúrò lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn gómìnà yẹn ní lọ́yà tó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń sanwó pépà, tó mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn. Abala 416 yẹn ò yí padà, ẹsẹ̀ tó ń gbé e rìn ni ò dọ́gba.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gbẹ́ni John Yakubu Yusufu, torí ó kọ́ mi lóhun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ ẹ́ rántí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá tí wọ́n kó jẹ. Ní oṣù kìíní 2013, níwájú Adájọ́ Abubakar Talba l'Abuja níbí, ọkùnrin náà gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lórí ìkọ̀ọ̀kan, tàbí kó san 250,000 náírà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 750,000 náírà, ó san án, ó lọ ilé ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bílíọ̀nù-bílíọ̀nù ni wọ́n ń sọ. Gbogbo Nàìjíríà gbóná. Àjọ NJC, àwọn tó ń bójú tó ìwà àwọn adájọ́, ní kí adájọ́ náà lọ rọ́kún nílé fún ọdún kan láìgba owó oṣù. Ohun tí inú bíbí ò jẹ́ ká rí nígbà yẹn ni pé abala òfin tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́, abala 309 nínú ìwé òfin Penal Code, ọdún méjì ni gbogbo ohun tó fààyè gbà, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ìwé òfin yẹn, ti ìgbà ayé Àríwá àtijọ́ ni, 1960. Ẹni tó jí fóònù ní ọjà Wuse, abala 287 ló máa bá a, ìyẹn lè gbé e dé ọdún márùn-ún. Ẹ tún kà á. Ẹni tó jí fóònù lè lọ ọdún márùn-ún, ẹni tó kó owó olówó jẹ lábẹ́ abala 309, ọdún méjì.

EFCC, àjọ tó gbé e lọ sí kóòtù, ò gbà, wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kẹta 2018, kóòtù òkè yí i padà, wọ́n ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ní kó san bílíọ̀nù 22.9 náírà. Ọdún márùn-ún ló gbà. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìjọba ní ẹni tó ń sáré fún un, lọ́yà tó ń gba owó oṣù, dírébà, ọ́fíìsì. Tí ìdájọ́ ò bá tẹ́ ìjọba lọ́rùn, ìwé ò ní pẹ́ dé òkè. Tí kò bá tẹ́ Màmá ẹlẹ́kọ lọ́rùn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ owó ìtanràn yẹn gan-an, ẹ jẹ́ n dúró lé e lórí díẹ̀ sí i, torí òun ni mo rò pé ó burú jù nínú gbogbo ẹ̀. Nígbà tí adájọ́ bá sọ pé oṣù mẹ́fà tàbí 50,000 náírà, ó máa ń dà bíi pé àánú ló ṣe. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ àánú. Àmọ́ ẹni tó bá ní 50,000 lápò, ẹjọ́ ti tán fún un ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, á wọ mọ́tò, á lọ sílé jẹ àmàlà. Ẹni tí ò ní, oṣù mẹ́fà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, adájọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà. Ní oṣù kọkànlá 2023, Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Olúbùnmi Túnjí-Òjó, ọmọ Òǹdó wa níbẹ̀, lọ sí Kuje lọ kéde pé wọ́n máa tú ẹlẹ́wọ̀n 4,068 sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn tó jẹ́ pé owó ìtanràn àti owó gbà-máà-bínú tí wọn ò rí san nìkan ló dá wọn dúró. Mílíọ̀nù 585 náírà ni wọ́n dá jọ fún un, àwọn èèyàn àtàwọn ilé iṣẹ́ ló dá a. Tẹ́ ẹ bá pín in, bíi 144,000 náírà ló kan ẹnì kan. Owó tẹ́lòmíràn fi ń pe DJ síbi ìkómọjáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dá owó yẹn, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn 4,068 yẹn, ta ló bi wọ́n níwájú adájọ́ lọ́jọ́ ìdájọ́ pé èló lẹ lè san? Kò yẹ kó jẹ́ pé Mínísítà ló máa wá bi wọ́n ní Kuje.

Ohun mìíràn tún wà, ìyẹn ni àsìkò. Láti ilé ẹjọ́ gíga sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni òfin fún ẹ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn láti fi sọ pé o ò gbà. Láti ibẹ̀ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ọgbọ̀n ọjọ́. Tó bá ti kọjá, o lè bẹ kóòtù kó fi kún un, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn náà, lọ́yà ló máa kọ ọ́, owó ni. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọ ẹ̀wọ̀n, oṣù àkọ́kọ́ ni kó fi mọ ibi tó máa sùn sí. Oṣù kejì ni kó fi ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á fi ti Ìlọrin tàbí Ṣakí dé, tí wọ́n á fi wá lọ́yà kiri, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ti lọ. Tí ẹjọ́ ọ̀hún bá sì wọ òkè, ó lè pẹ́ ju ẹ̀wọ̀n náà fúnra ẹ̀ lọ. Olóyè Bọ̀dé George, ẹ rántí, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n l'Ékòó ní 2009, ó ṣe é tán, ó jáde ní oṣù kejì 2011, oṣù kejìlá 2013 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó ní kò jẹ̀bi. Olóyè ni o, ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀. Tó bá ṣe é, kí ni ká wá sọ nípa ẹni tí wọ́n fún ní oṣù mẹ́sàn-án? Lọ́yà kan sọ fún mi pé òun kì í gba irú ẹ̀ mọ́, pé ẹni náà á ti jáde kóun tó rí ìwé gbà. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ó kàn dùn mí ni, torí ó túmọ̀ sí pé gbogbo àwọn ẹjọ́ kéékèèké tó pọ̀ jù yìí, ẹnikẹ́ni ò tún wọn wò.

Ẹjọ́ ńlá náà ń bẹ tó jẹ́ pé a ṣì ń jà lé e lórí. Àgbẹ̀ kan wà ní Adamawa, Sunday Jackson. Ní 2015 òun àti darandaran kan jọ jà, ó ní ẹni yẹn ló fi ọ̀bẹ kọlu òun, òun gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ ẹ̀, òun fi gún un, ẹni náà sì kú. Ó ní ara òun lòun ń gbà sílẹ̀. Ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Yola dájọ́ ikú fún un, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i, ní oṣù kẹta 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà fọwọ́ sí i, wọ́n ní nígbà tó ti gba ọ̀bẹ, ó yẹ kó sá lọ ni. Ẹnì kan nínú àwọn adájọ́ tó jókòó, Adájọ́ Helen Ogunwumiju, kò bá wọn lọ. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn kà. Ẹnì kan rí ọkùnrin tó ń gba ara ẹ̀ là, àwọn tó kù rí apànìyàn. Ẹ̀mí èèyàn méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ti ẹni tó kú náà ká a lára àwọn èèyàn ẹ̀, mi ò fojú kéré ìyẹn. Àmọ́ mo rò ó títí: ẹni tí ọ̀bẹ ti wọ̀ lára, ta ló máa rántí pé ó yẹ kóun sá? Gómìnà Fintiri ló padà forí jì í ní òpin 2025, lẹ́yìn ariwo ńlá nílé àti lókè òkun.

Ariwo yẹn gan-an ni. Lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀ṣun, ní oṣù kejìlá 2024, Gómìnà Adélékè forí ji ọ̀dọ́kùnrin kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ọ̀rọ̀ adìẹ, torí adìẹ ni wọ́n ní ó jí. 2010 ni wọ́n mú un, ọmọ ọdún 17 ni wọ́n ní ó wà nígbà yẹn, 2014 ni wọ́n dájọ́ ikú fún un lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Òfin ìdigunjalè wa ò fún adájọ́ láàyè: tóo bá ti jẹ̀bi ìdigunjalè pẹ̀lú ohun ìjà, ikú ni, tí kò bá sí ohun ìjà, ó kéré tán ọdún 21. Adájọ́ ò lè wo ojú ẹ, kò lè wo ọjọ́ orí ìyá ẹ. Ìforíjì ló gbé ọmọ yẹn jáde, lẹ́yìn tí àwọn òbí ẹ̀ sunkún lórí ètò kan tí gbogbo ayé sì wò ó. Àwọn tí òbí wọn ò dé orí ètò ńkọ́?

Kí n má baà jẹ́ kó dà bíi pé òkè ò wúlò, àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé kóòtù òkè nìkan ló kù láàárín èèyàn àti ikú, tí wọ́n sì dúró. Amina Lawal ní Katsina, 2002 ni kóòtù ṣàríà dájọ́ pé kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa lórí ẹ̀sùn àgbèrè, èyí tó wà ní Funtua tún fọwọ́ sí i, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ṣàríà ní ìpínlẹ̀ náà ló fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án 2003, pẹ̀lú àwọn lọ́yà bíi Hauwa Ibrahim lẹ́yìn ẹ̀. Òfin ṣàríà fúnra ẹ̀ ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀ o, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n gbà dá ẹjọ́ náà ò tọ́. Mùsùlùmí ni mí, mo rántí bí inú bàbá mi ṣe dùn tó, ó ní ohun tí ẹ̀sìn wa wí nìyẹn, pé a kì í fi iyèméjì pààyàn.

Ti Kano ló máa ń wá sí mi lọ́kàn jù. Ní oṣù kẹjọ 2020, kóòtù ṣàríà kan níbẹ̀ rán ọmọ ọdún 13 lẹ́wọ̀n ọdún 10 lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó sọ sí Ọlọ́run. Ọmọ ọdún 13. Lọ́yà kan, Kọ́lá Alápinni, ẹjọ́ ẹlòmíràn tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní kóòtù yẹn kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ibẹ̀ ló ti ṣèèṣì rí ti ọmọ náà, ló bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún un. Ní oṣù kìíní 2021 ilé ẹjọ́ gíga Kano fagi lé ìdájọ́ náà, ọmọ náà di òmìnira. Ó ṣèèṣì rí i ni o! Ká ní ọjọ́ yẹn kò yẹ ìwé wò dáadáa, ọmọ náà ì bá máa dàgbà lọ nínú ẹ̀wọ̀n. Orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó báyìí, ó yẹ kí ètò kan wà pé ìdájọ́ tó bá ti kan ọmọdé tàbí tó bá ti jẹ́ ikú, kí ìwé ẹ̀ máa lọ sókè fúnra ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀bẹ̀, kí adájọ́ mìíràn kà á. Kò yẹ kó jẹ́ èèṣì.

Mo sì tún fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ sí gbogbo kóòtù, látorí Area Court títí dókè. Fóònù tó wà lápò mi yìí lè gba wákàtí mélòó sílẹ̀? Kí ohun tí ọmọ Màmá yẹn sọ wà níbì kan pẹ̀lú ohùn ara ẹ̀. Kí ìjọba sì máa san owó ìwé ẹjọ́ fún ẹni tó bá wà lẹ́wọ̀n tí ò lówó, gbogbo ìwé náà, láìsí pé akọ̀wé kan ń ní kí wọ́n mú owó pépà wá. Nínú gbogbo àwọn tó wà lẹ́wọ̀n wa, bíi méjì nínú mẹ́ta ni ò tíì gba ìdájọ́ kankan rí, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni, ó tóbi ju ohun tí mo lè kó mọ́ ti òní.

Ní báyìí ná, ẹ̀yin tí èèyàn yín wà ní kóòtù lọ́wọ́, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá dájọ́. Ẹ kọ ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kí lọ́yà fi sínú fáìlì, ẹ fi ìwé Áfáà tàbí Pásítọ̀ tì í, ìwé ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́, ìwé ìbí ọmọ ẹ̀, ìwé họ́sípítù, ìwé tó sọ ọjọ́ tó wọ àtìmọ́lé. Ohun tó bá ti wọ fáìlì á bá ẹjọ́ gòkè. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dájọ́, ẹ kọ déètì yẹn sílẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti lè máa rí i, kẹ́ ẹ ka àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti ibẹ̀ tó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ gíga ni, tó bá jẹ́ kóòtù kékeré ẹ béèrè iye ọjọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé lójú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè fún ìwé ẹjọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí lẹ́tà, kí wọ́n buwọ́ lu kópì tiyín pé àwọn ti gbà á. Tí ò bá sówó lọ́yà, Legal Aid Council wà, olú ilé iṣẹ́ wọn wà l'Abuja níbí, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò bá ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú ìwé ẹ̀sùn dání tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́ náà, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè nìyẹn. Ẹni tó bá sì dá yín dúró ní géètì kóòtù pé òun mọ adájọ́, kẹ́ ẹ kówó wá kóun bá yín rí i, ẹ kọjá lọ, ẹ má dá a lóhùn.